Bí Èdè Jáfà Ṣe Ń Yan Ọ̀rọ̀ fún Àgbà àti fún Ẹgbẹ́

Ní erékùṣù Jáfà, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, kò ṣeé ṣe láti béèrè lọ́wọ́ ènìyàn bóyá ó ti jẹun láì kọ́kọ́ mọ ipò tí ẹni náà wà sí ẹni tó ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò, "Apa kowé wis mangan?" ni wọn yóò sọ. Bí ó bá jẹ́ bàbá ọ̀rẹ́ tàbí olùkọ́, "Punapa panjenengan sampun dhahar?" ni. Ìbéèrè kan náà ni, ètò ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èkíní tó dúró bó ṣe wà nínú èkejì.

Jawa ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ilẹ̀ wọn. Àárín gbùngbùn àti ìlà-oòrùn erékùṣù náà ni wọ́n ti ń sọ èdè yìí jù, pàápàá ní àgbègbè Yogyakarta àti Surakarta, nítorí pé ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ilẹ̀ àwọn Sunda, tí èdè tiwọn yàtọ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ lábẹ́ òrùlé bàbá wọn ju mílíọ̀nù 60 lọ. Inú ẹbí èdè Austronesian ló wà, ẹbí ńlá kan tó gba orí òkun láti Hawaii àti ilẹ̀ àwọn Maori títí dé Madagásíkà lẹ́bàá Áfíríkà, tó sì kó èdè Màléè àti Tagalog mọ́ra. Òkúta kan tí wọ́n rí nítòsí Kediri, tí ọjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 804, ni àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ ní èdè Jáfà àtijọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, èdè agbègbè ni òfin Indonéṣíà kà á sí. Èdè ìjọba àti ti orílẹ̀-èdè ni Indonéṣíà, èyí tí wọ́n fà yọ láti inú Màléè.

Ẹni tó ń sọ Yorùbá lè rò pé òun ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn gbólóhùn méjèèjì òkè yìí, nítorí pé "o" ń di "ẹ" fún àgbà, "ó" sì ń di "wọ́n" bí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n arọ́pò orúkọ nìkan ni Yorùbá ń yí padà. "Jẹun" jẹ́ "jẹun" fún ọmọdé àti fún bàálẹ̀. Ibi tí Yorùbá ti sún mọ́ Jáfà jù lọ ni ibi tí a kì í ti í sọ pé ọba kú, tí a ń sọ pé ó wàjà. Nínú èdè Jáfà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ ló ní irú ẹnì kejì bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì tún ní ẹnì kẹta.

Unggah-ungguh ni wọ́n ń pe ètò náà. Ìbéèrè méjì ló dúró lé lórí, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti dáhùn méjèèjì nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó la ẹnu: ta ni a ń bá sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ ta ni a ń sọ? Ìdáhùn sí ìbéèrè kìn-ín-ní ló ń pinnu irú èdè tí gbogbo gbólóhùn yóò fi jáde. Ìdáhùn sí ìkejì kàn ń fọwọ́ kan ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ara, ìṣe tàbí ohun ìní ẹni tí a dárúkọ. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí wọ́n ń kọ fún àjèjì máa ń da ìbéèrè méjèèjì pọ̀ mọ́ra, wọ́n á to ngoko (èdè ẹgbẹ́), krama (èdè ọ̀wọ̀) àti krama inggil (ọ̀rọ̀ àpọ́nlé) léra wọn bí ìpele mẹ́ta, ìdàpọ̀ yẹn ló sì ń mú kí ètò tó ní ìlànà tó ṣe kedere dà bí ohun tí kò ní orí tàbí ìdí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè kìn-ín-ní. Bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, àbúrò tàbí ọmọ, ngoko ni wọ́n ń lò. Ngoko ni èdè ìpìlẹ̀: òun ni ènìyàn fi ń ronú, òun ni ó fi ń bínú, òun ni ó fi ń bú ara rẹ̀ nígbà tó bá fi ẹsẹ̀ kọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú èdè náà ni ngoko ní. Bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ àgbà, àlejò tàbí ẹni tí a kò mọ̀ dáadáa, krama ni. Krama kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún gbogbo nǹkan. Bí a bá ka àwọn ọ̀rọ̀ tó dá ní, wọn kò fẹ́ ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ, ohun yòókù ni ó ń yá lọ́wọ́ ngoko. Àmọ́ ẹgbẹ̀rún náà jẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí gbólóhùn tó lè ṣe láìsí wọn. "Aku" tó jẹ́ "èmi" di "kula". "Iki" tó jẹ́ "èyí" di "punika". "Ora" tó jẹ́ "rárá" di "boten". "Wis" tó ń fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ di "sampun". "Omah" tó jẹ́ "ilé" di "griya". Àwọn àfòmọ́ pàápàá ń yí padà: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "di-" ń di "dipun-", àfòmọ́ ìparí "-é" tó ń tọ́ka sí olóhun sì ń di "-ipun", tó fi jẹ́ pé "omahé", ilé rẹ̀, ń di "griyanipun". Nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi krama bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kí ó fi ngoko parí rẹ̀ láìjẹ́ pé etí àgbà tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ.

Ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ krama ti wá dùn ún tọ pinpin. Òmíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ ngoko tí wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà ní ìlànà kan: "dadi", di nǹkan kan, di "dados", "ngerti", mọ̀, di "ngertos", "ganti", pààrọ̀, di "gantos". Orúkọ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò bọ́ níbẹ̀, Jawa ń di Jawi. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti mọ ìlànà yìí, wọ́n fà á dé orúkọ ìlú: Semarang ní krama tirẹ̀, Semawis, Surabaya ní tirẹ̀, Surapringga. Irú àfikún bẹ́ẹ̀ tí ará oko ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní krama désa, kì í wu àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ọba, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀rọ tó ń pèsè ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Nínú òǹkà, ètò náà kò tilẹ̀ dọ́gba: ení, èjì, ẹ̀rin àti àrún, "siji", "loro", "papat" àti "lima", ń di "setunggal", "kalih", "sekawan" àti "gangsal", ṣùgbọ́n ẹ̀fà àti èje, "enem" àti "pitu", ń dúró bí wọ́n ṣe wà. "Lima" yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Màléè, Tagalog àti Hawaii ṣì jọ ní títí dòní, tí "dimy" ti Madagásíkà sì jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbòǹgbò Austronesian nínú èdè Jáfà, inú ngoko, èdè ọmọdé àti ọjà, ni yóò ti bá a.

Ìbéèrè kejì ló ń lo àkójọ ọ̀rọ̀ mìíràn, krama inggil, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó ti krama. Ohun tó jẹ mọ́ ènìyàn gan-an ni gbogbo wọn dá lé: orí tó jẹ́ "sirah" ń di "mustaka", ọwọ́ tó jẹ́ "tangan" ń di "asta", méjèèjì sì ti ilẹ̀ Íńdíà wá láti inú èdè Sanskrit. Oorun àgbà ni "saré", àìsàn rẹ̀ ni "gerah", orúkọ rẹ̀ ni "asma", ọmọ rẹ̀ ni "putra", ikú rẹ̀ ni "séda". Ohun tó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè wọ inú ngoko tàbí inú krama, nítorí pé wọn kò bìkítà nípa ẹni tó ń gbọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé bàbá ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́, yóò ní "Bapak lagi dhahar sega": ngoko ni gbólóhùn náà nítorí àbúrò, "dhahar" nìkan ló gbéra sókè nítorí bàbá. Bí ó bá yíjú sí àlejò àgbàlagbà láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, yóò di "Bapak saweg dhahar sekul": gbogbo rẹ̀ ti di krama, "dhahar" sì wà ní ipò rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé àbúrò ló ń jẹun, tí ó ń sọ fún àlejò náà, "Adhi kula saweg nedha sekul" ni yóò sọ, nítorí pé àlejò yẹ fún krama, ṣùgbọ́n àbúrò kò yẹ fún "dhahar".

Láti inú èyí ni òfin tó le jù lọ nínú ètò náà ti jáde: ènìyàn kì í lo krama inggil fún ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi "dhahar" bi léèrè bóyá ó ti jẹun yóò fi "nedha" dáhùn. Òfin yìí ló sì mú kí wọ́n ní àkójọ kékeré mìíràn, krama andhap, fún ohun tí ẹni kékeré bá ṣe sí ẹni ńlá. Bí bàbá bá fún ọmọ ní nǹkan, "maringi" ni. Bí ọmọ bá fún bàbá, "nyaosi" ni. Bí àgbà bá sọ̀rọ̀, "ngendika" ni. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ sí àgbà, "matur" ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ti sọ fún olùgbọ́ ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀, kódà bí wọn kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ta wá ni ó wà lókè? Ọjọ́ orí wúlò, ipò níbi iṣẹ́ wúlò, ìran ọlọ́lá tí wọ́n ń pè ní priyayi sì wúlò gan-an nígbà àtijọ́. Nínú ẹbí, ohun tí wọ́n ń pè ní awu máa ń borí ọjọ́ orí: ọmọ ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n fún ọmọ àbúrò, ọmọdé yòówù kí ó jẹ́, débi pé ọkùnrin tó ti ní ewú lórí lè máa pe ọmọ tó kéré sí i ní ẹ̀gbọ́n nítorí pé bàbá ọmọ náà ló dàgbà jù nínú àwọn bàbá wọn méjèèjì. (Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ní kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí ó gbé pọ̀n rí yóò pe ìpàdé ẹbí.) Láàárín àlejò méjì tí kò mọ ara wọn, krama ni wọ́n jọ máa ń fi bára wọn sọ̀rọ̀ títí tí wọn yóò fi mọ ipò ara wọn. Láàárín àwọn tó mọ ara wọn tí wọn kò sì dọ́gba, krama ń gòkè, ngoko ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i. Àárín méjèèjì tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní madya, tó gé àwọn ọ̀rọ̀ krama kúrú, tó sọ "punika" di "niki" àti "punapa" di "napa"; òun ni àwọn ará oko àti àwọn ọlọ́jà máa ń lò fún ẹni tó yẹ fún ọ̀wọ̀ tí kò sì yẹ fún ayẹyẹ.

Èdè Jáfà àtijọ́ kò ní ètò tó fẹjú tó báyìí. Ìgbà ìjọba Mataram tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ìjọba tó lágbára jù lábẹ́ Sultan Agung láàárín ọdún 1613 sí 1645, ni krama gbòòrò, tó sì di àmì ìyàtọ̀ láàárín àwọn ará ààfin àti àwọn tó kù. Nígbà tí Mataram nà ọwọ́ rẹ̀ dé ìwọ̀-oòrùn, àwọn Sunda náà kọ́ ètò náà, wọ́n sì ní tiwọn títí dòní. Lẹ́yìn tí àdéhùn Giyanti pín ìjọba náà sí Surakarta àti Yogyakarta ní ọdún 1755, ọ̀rọ̀ ẹnu ìlú méjèèjì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wá mú gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ohun kan tó yani lẹ́nu ni pé nínú ààfin Yogyakarta fúnra rẹ̀, àwọn ìjòyè ní èdè ìlò kan láàárín ara wọn, bagongan, tó ní ọ̀rọ̀ àrà ọ̀tọ̀ díẹ̀ péré, tó sì sọ gbogbo wọn di ẹgbẹ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà nínú ọgbà ọba. Bí ènìyàn bá jìnnà sí àwọn ìlú méjèèjì, ètò náà ń dẹ̀. Ní Banyumas lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń pe fáwẹ̀lì "a" ní gbangba, àti lórí òkè Tengger tó yí òkè ayọnáyèéfín Bromo ká, ọ̀rọ̀ máa ń jáde láìsí ìpele púpọ̀, àwọn ará Solo (orúkọ mìíràn fún Surakarta) sì máa ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ará ibẹ̀ kò ní ẹ̀sọ̀ lẹ́nu.

Àwọn mìíràn kọ̀ ọ́ pẹ̀lú èrò. Ní àgbègbè Blora, ní nǹkan bí ọdún 1890, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Samin Surosentiko bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi kọ̀ láti san owó orí fún ìjọba Họ́láńdì, wọ́n sì ń fi ngoko bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ aṣojú ìjọba. Lójú àwọn aláṣẹ ìgbà yẹn, ngoko náà burú bí owó orí tí wọn kò san. Wọ́n lé Samin kúrò ní ìlú ní ọdún 1907, ó sì kú sí Padang ní Sumatra ní ọdún 1914, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì wà. Ní ọdún 1917, àwọn òṣèlú kan ní Surabaya dá ẹgbẹ́ Djawa Dipa sílẹ̀ láti pa krama rẹ́ pátápátá kí ngoko lè di ti gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ náà kò ṣàṣeyọrí. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, Màléè ló bá wọn ṣe é ní ọ̀nà tí wọn kò rò: nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ búra ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928 pé èdè kan ni àwọn yóò gbé lárugẹ, wọn kò mú Jáfà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn ènìyàn ń sọ jù. Màléè ti jẹ́ èdè òwò láti èbúté dé èbúté tipẹ́tipẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè sọ ọ́ láì kọ́kọ́ wádìí ipò ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀.

Ọmọdé kì í bá krama lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní tààrà, nítorí pé ngoko ni ìyá yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń yanjú èyí ni pé òbí máa ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọmọ, wọ́n ń pè é ní mbasakaké: ìyá á pe ọkọ rẹ̀ ní "Bapak", á sọ pé Bapak ń "saré", kí ọmọ lè mú un bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wàá hù, wọ́n á ní "durung Jawa" ni, pé kò tíì di ará Jáfà. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé òbí kan náà tún máa ń fi "saré" àti "dhahar" pe ọmọ wá sùn àti wá jẹun kí ọ̀rọ̀ náà lè mọ́ ọn lẹ́nu, bí ọmọ bá sì dàgbà, á dúró níwájú olùkọ́, á sọ pé "kula badhé dhahar", tí í ṣe pé ó ń fi èdè àpọ́nlé sọ pé òun fẹ́ lọ jẹun. Ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi í rín, ìbáwí á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rù irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń pa krama lára lónìí ju ohunkóhun lọ. Ẹni tí kò ní krama tó pé kò lè fi ngoko bá àgbà sọ̀rọ̀, nítorí pé ìwọ̀sí ni. Èdè Indonéṣíà sì wà nítòsí, tí kò ní bu ẹnikẹ́ni kù. Báyìí ni ọ̀dọ́ tó ń fi ngoko bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré láti òwúrọ̀ ṣe ń yí sí èdè Indonéṣíà nígbà tí ìyá-ìyá rẹ̀ bá wọlé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé èdè tó ní ọgọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ń kú. Didi Kempot, olórin Solo tó di olóògbé ní ọdún 2020, fi ngoko kọrin ìbànújẹ́ ìfẹ́ débi pé àwọn ọ̀dọ́ tí kò lè sọ gbólóhùn krama mẹ́ta tò léra wọn ń kọ ọ́ tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdajì òkè èdè náà ló ń ṣí kúrò. Ní Súrínámù ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Họ́láńdì kó bíi 33,000 ará Jáfà lọ láti fi ṣiṣẹ́ oko láàárín ọdún 1890 sí 1939, ohun tó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú: ngoko dúró lẹ́nu àwọn ọmọ wọn, krama sì dín kù gidigidi nítorí pé iṣẹ́ oko kan náà ni gbogbo wọn bára wọn ṣe, kò sì sí ààfin tí wọ́n lè máa wò.

Ní Jáfà, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń gbá a mú. Ẹ̀kọ́ èdè Jáfà wà nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ ní Yogyakarta àti ní àárín àti ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Àwọn ìwé àtijọ́ pín ìpele ọ̀rọ̀ sí oríṣiríṣi tí àwọn olùkọ́ fúnra wọn kì í rántí tán. Wọ́n ti dín in kù sí mẹ́rin: ngoko lásán, ngoko tó ní krama inggil nínú, krama lásán, àti krama tó ní krama inggil nínú. Èyí ìkejì, ngoko alus, ló dà bí ẹni pé ó máa pẹ́ jù, nítorí pé kò béèrè fún ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ krama àti àwọn àfòmọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ krama inggil bíi mélòó kan tó jẹ mọ́ jíjẹ, sísùn, lílọ àti bíbọ̀, pẹ̀lú "panjenengan" dípò "kowé", ti tó fún ọ̀dọ́ láti fi bá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá tó sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀ láì ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kejì nínú ètò náà, ti ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ló ṣì ń dáhùn, nígbà tí ti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ èdè Indonéṣíà.